ẸYẸ TÍ Ń JẸ́ ORÚKỌ ÌLÚ WA

Ọ̀pọ̀ ni àwọn tí ó ti rìnrìn-àjò lọ sí ìlú Òyìnbó tí wọ́n sì padà wá ròyìn ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀, àti ilé gogoro, àti òtútù tí í mú ènìyàn dé inú eegun. Kì í ṣe ìyẹn ni a fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a fẹ́ bá yín sọ, àti bí àwọn àjèjì ti bi wá ní ìbéèrè méjì nípa ìlú Ìbàdàn, tí a kò sì mọ ibi tí a ó fi ojú wa sí. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní, kí ni àgbàlagbà tí ó ní ilé tí ó sì ní ọmọ ń fi ẹyẹ ṣe? A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ wa dé òpin ná, kí wọ́n tó dá wa lẹ́jọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní àdúgbò wa ní Bẹẹrẹ, àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n máa ń jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé láti ka ẹyẹ. Iṣẹ́ wọn jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ ńlá kan tí a ń ṣe káàkiri Nàìjíríà, èyí tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀ tí yóò fi irú ẹyẹ tí ó wà ní ibi gbogbo hàn. A pín gbogbo ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó bí kìlómítà mẹ́sàn-án ní òró àti ní ìbú. Ẹni tí ó bá wọ inú ọ̀kan nínú wọn yóò lo wákàtí méjì ó kéré tán, yóò sì kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tí ó bá fi ojú rí tàbí tí ó bá fi etí gbọ́. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ṣe é, ìbáà ṣe ọmọ ilé-ìwé tàbí aránṣọ, bí ó bá ṣáà ti kọ́ láti mọ ẹyẹ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọ wa ọkùnrin ni ó fà wá lọ ní ọjọ́ kìíní. Inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé akọ̀wé ni wá, tí a kò sì fọkàn tán ohun tí a kò fi tàdáwà kọ, a ra ìwé ńlá kan, a fa ìlà sí i, a sì fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀.

Láti Bẹẹrẹ dé Màpó, láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrúnkà, a ti rí ohun púpọ̀ kọ sínú ìwé náà. Lékeléke ń bẹ lórí ààtàn, àwòdì ń yí ká lójú ọ̀run, kannakánná ń jà lórí òpó iná, ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ, alápàńdẹ̀dẹ̀ sì ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé rẹ̀ sábẹ́ òrùlé àwọn ilé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan wà tí ó funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Ojú ewé igún ni. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí a sì dàgbà nínú agbo ilé yìí, a rántí ìgbà tí igún máa ń tò sórí páànù tí ó ti dípẹtà, tí wọn yóò na ìyẹ́ wọn sí oòrùn òwúrọ̀ bí ẹni ń sá aṣọ. Bí alápatà bá ti sọ ìfun ẹran sílẹ̀, wọn yóò ti bà. Àwa ọmọdé máa ń sọ òkò sí wọn, àwọn ìyá wa a sì máa bá wa wí. A kò mọ ọdún tí èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn fò lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún tí ó kọjá, ọmọ wa obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá wo ọmọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. A lọ, a sì mú ìwé wa dání. Bàbá arúgbó kan ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ó máa ń so oúnjẹ ẹyẹ kọ́ ara igi nínú ọgbà rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan ó rí wa tí a gbé ojú sókè tí a ń wo alápàńdẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Láti Áfíríkà ni ó ti dé." A rò pé ó ń bá wa ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó pè wá wọlé, ó fún wa ní tíì, ó sì tẹ́ àwòrán ayé sórí tábìlì.

Ohun tí bàbá náà fi hàn wá yà wá lẹ́nu púpọ̀. Nígbà tí òtútù bá dé, tí kòkòrò kò sì sí mọ́ ní ilẹ̀ wọn, alápàńdẹ̀dẹ̀ wọn a dìde, a fo òkun kọjá, a fo aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, a sì wá jẹun ní ilẹ̀ Áfíríkà títí ìgbà òtútù yóò fi tán. Ẹyẹ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní cuckoo, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohùn rẹ̀ ń dún. Láti ọdún 2011 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ kan, tí ń jẹ́ British Trust for Ornithology, ti ń de ẹ̀rọ tín-ín-rín mọ́ ẹ̀yìn díẹ̀ nínú wọn, tí ẹ̀rọ ojú sánmà sì ń sọ ibi tí ẹyẹ náà wà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé igbó ńlá Kóńgò ni àwọn ẹyẹ náà ń lò ìgbà òtútù sí, àti pé nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń dúró jẹun kí wọ́n tó dojú kọ aṣálẹ̀. Bàbá náà sọ fún wa pé bí a bá gé igbó ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn ni wọn kò ní gbọ́ ohùn ẹyẹ wọn mọ́ ní ìgbà ìrúwé. A kò rò ó rí pé igi tí a gé ní ilẹ̀ wa lè mú kí ìdákẹ́ wà nínú ọgbà ẹlòmíràn.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀ wá pé kí a wá bá ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ẹyẹ ìlú náà sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí nípa iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ilé. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹyẹ ṣeré. Ẹlòmíràn nínú wọn ti ń kọ ẹyẹ tí ó rí sílẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Láti ọdún 1989 títí di 2019 ni wọ́n ń ṣe ọjà ẹyẹ ńlá kan lọ́dọọdún ní Rutland Water, níbi tí àwọn ènìyàn láti onírúurú ilẹ̀ ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn, tí a sì ń fi owó tí ó bá wọlé tọ́jú ẹyẹ ní ilẹ̀ òkèèrè. Òmíràn irú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2022. Èyí tí a pè wá sí kò tó bẹ́ẹ̀. Yàrá ìpàdé ilé ìsìn kan ni, bí ọgbọ̀n ènìyàn ni wọ́n sì wá, àwọn àgbà ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

A wọ agbádá wa, a sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. A kọ́kọ́ sọ ìtàn Bojè fún wọn, ní ilẹ̀ Bókí ní ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ti máa ń sùn sínú koríko gíga lórí òkè ní àkókò ẹ̀rùn. A ti rí ẹyẹ níbẹ̀ tí òrùka àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù wà ní ẹsẹ̀ wọn. Ní ìgbà kan, àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi oje igi mú wọn lóru láti fi ṣe ẹran ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùtọ́jú ẹyẹ tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n bá wọn jókòó, wọ́n sì wá ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú wọn tí wọn yóò fi rí oúnjẹ àti owó. Inú àwọn olùgbọ́ wa dùn. Wọ́n ń mi orí. Inú tiwa náà sì dùn, bóyá ó tilẹ̀ dùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Nígbà náà ni a sọ nípa ẹyẹ tí ń jẹ́ orúkọ ìlú wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni kò gbọ́ ọ rí. Ìbátan ẹ̀gà ni ẹyẹ náà. Dúdú ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orí àti àyà rẹ̀ pupa bí iná. Inú igbó ni ó ń gbé, lórí igi gíga, kòkòrò sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni John Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ni nípa ìmọ̀ ẹranko ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 1958, tí ó sì fún un ní orúkọ Malimbus ibadanensis. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Ibadan Malimbe. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé. Àwọn tí ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tí ó fẹ́ parẹ́ sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu, nítorí pé igbó tí ó ń gbé ni à ń gé lulẹ̀ fún oko àti fún ilé.

A sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé òwúrọ̀ àná ni a rí ẹyẹ náà lórí òrùlé wa. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó ní iwájú sì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ohùn rẹ̀ ti ń dún?"

Ẹ̀yin ènìyàn wa, gbogbo yàrá náà dákẹ́, wọ́n ń dúró de wá. A kò rí ẹyẹ náà rí. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Inú ìwé ni a ti kà nípa rẹ̀, a sì ti lo gbogbo ọjọ́ ayé wa ní ìlú tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó wá sí wa lọ́kàn pé kí a fi ohùn ẹ̀gà dá ìyá náà lóhùn, nítorí ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n àwa ni a ń dúró níwájú àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Ìsinmi tí a ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má purọ́. A jẹ́wọ́. A ní, "Ìyá, a kò rí i rí. Ẹ̀ ń mọ̀ nípa rẹ̀ bí àwa ti ń mọ̀." Ojú tì wá. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní, "Èmi ti dàgbà jù láti wá sí Ìbàdàn. Ẹ lọ wò ó fún mi, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi."

Bí a ti ń ronú pé wàhálà ti tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wa wò dìde. Ó nawọ́ sí ojú ewé funfun náà. Ó béèrè ohun tí ó pa igún, ó sì béèrè bí òótọ́ ni pé à ń tà wọ́n fún oògùn.

Ìbéèrè yìí ni ó nira jù. Àbúrò bàbá wa ni oníṣègùn, ó ní ìsọ̀ nítòsí Ọjà'ba, a sì ti fi ojú ara wa rí orí igún níbẹ̀ nígbà tí a wà ní ọmọdé. Ṣé ọmọ rere a máa tú àṣírí ilé baba rẹ̀ fún àlejò? Ṣé olóòótọ́ a sì máa sẹ́ ohun tí ó mọ̀? A ro ó síwá, a ro ó sẹ́yìn. Níkẹyìn a sọ òtítọ́. A ní bẹ́ẹ̀ ni, à ń tà wọ́n, kì í sì í ṣe ní Ìbàdàn nìkan. Ní ilẹ̀ Guinea-Bissau ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, a rí òkú igún tí ó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ tí a fi májèlé pa, a sì ti gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Láàárín ìran igún mẹ́ta, irú igún tí ó máa ń gbé àárín ìlú wa yìí ti dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún tí ó wà ní Áfíríkà, bí 83 ti lọ. Ní ọdún 2015 ni a kọ ọ́ sí ìpele tí ó burú jù lọ nínú àwọn tí ewu dé bá. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá pa ọ̀kan, kì í ṣe adìẹ ni ó pa.

Ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí àbùkù ilé wa nìkan. A rán wọn létí ìtàn tí bàbá olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa. Àwọn ìyá-ìyá wọn ni wọ́n ń fi ìyẹ́ ẹyẹ, àti odindi ẹyẹ mìíràn, ṣe fìlà wọn lọ́ṣọ̀ọ́, tí a sì ń pa ẹyẹ ní àìmọye nítorí oge. Kì í ṣe ọba ni ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Obìnrin ilé kan tí ń jẹ́ Emily Williamson ni, ní Didsbury nítòsí Manchester, tí ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní ọdún 1889, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní fi ìyẹ́ ẹyẹ sórí mọ́. Láti inú rẹ̀ àti ẹgbẹ́ mìíràn bí i rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá tí ń jẹ́ RSPB ti jáde, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní ọdún 1904 ni ọba fún wọn ní ìwé àṣẹ, ní 1921 sì ni òfin fi òpin sí kíkó irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ni ó gbà wọ́n. A ní, "Ẹ ṣe sùúrù fún wa. Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí a tó lọ, wọ́n kó awò awọ̀nàjíjìn mẹ́rin tí wọ́n ti lò rí fún wa pé kí a mú un lọ fún àwọn ọ̀dọ́ Bẹẹrẹ.

A padà dé ilé, ọ̀rọ̀ tí a sọ sì bẹ̀rẹ̀ sí lé wa kiri. Ó rọrùn láti sọ pé a ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òkun wà láàárín ènìyàn àti ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta a lọ kí àbúrò bàbá wa. A dọ̀bálẹ̀, a gbé ẹ̀bùn tí a mú bọ̀ fún un kalẹ̀, a jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ rẹ̀, a sì sọ ohun gbogbo bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá gbọ́ tán, ó fọwọ́ lé ẹrẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ìwọ ni o lọ kó ilé wa rò fún Òyìnbó?"

A ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n bi wá ni. A kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá, ṣebí ẹ̀yin àgbà náà ni ẹ ń sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tí ń pa òwe yẹn lọ́sàn-án ni wọ́n ń wá béèrè orí igún lọ́wọ́ mi lóru. Onímọ́tò ń wá, olówó ń wá. Èmi kì í ṣe ọdẹ. Ohun tí ènìyàn bá béèrè ni mò ń wá."

A bi í bí ó bá ṣì ń rí i. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, bí òun bá gbé ojú sókè láti ẹnu ọ̀nà yìí, òun a máa ka igún títí yóò fi sú òun. Nísinsìnyí, láti ilẹ̀ Haúsá àti láti òkèèrè ni wọ́n ti ń gbé e wá, owó rẹ̀ sì ti di ohun tí aláìsàn kò lè san. Ó ní, "Ohun tí a kì í dọ́gbọ́n lò a máa tán. Ṣé o rò pé n kò mọ̀?" Ó tún ní àwọn ewé àti egbò kan wà tí ọ̀gá òun fi kọ́ òun pé a lè lò dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àwọn oníbàárà kì í gbà á, nítorí wọ́n rò pé ohun tí ó wọ́n ni ó ń jẹ́.

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má rà á mọ́. Kò dá wa lóhùn kíá. Ó to àwọn igbá rẹ̀ lọ, ó tò wọ́n bọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò ní rà á mọ́, òun yóò sì máa fi ewé dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní Ọjà'ba tàbí ní Bódè, nítorí olúkálukú ni ó ní ẹnu tí ó ń bọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò fi kún un, a kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ó ku ìlérí tí a ṣe fún ìyá arúgbó. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àwa àti àwọn ọ̀dọ́ Bẹẹrẹ gba àṣẹ, a sì lọ sí igbó tí ó wà nínú ọgbà IITA ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọdún 1967 ni a dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà, nínú èyí tí a fi bí 350 sílẹ̀ fún igbó, tí igi sì tún hù padà níbi tí oko wà rí. Ó lé ní 200 irú ẹyẹ tí a ti rí níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ayé sì kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹyẹ ní ilẹ̀ wa. Bí a bá jáde láti àárín ariwo Ọjà'ba tí a sì wọ abẹ́ àwọn igi wọ̀nyí, yóò dà bí ẹni pé a bọ́ sínú Ìbàdàn tí àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ tẹ̀dó sí.

A rìn láti kùtùkùtù títí oòrùn fi mú. A gbọ́ igbe atíòro lókè. Nígbà tí ó yá, ẹyẹ dúdú olórí pupa kan yọ láàárín ewé, ọkàn wa sì fò sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, gbé awò sójú, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Bàbá, ìbátan rẹ̀ ni. Kì í ṣe òun." Ó sì lè fi yé wa bí pupa ara ti ọ̀kan ti yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí a ti fẹ́ kí ó jẹ́ òun tó, a kò kọ ọ́. A kọ orúkọ ìbátan rẹ̀ sínú ìwé, a sì padà sílé.

Àwọn kan yóò wí pé kí ni èrè gbogbo èyí. A ó fi ìtàn ilẹ̀ Índíà dá wọn lóhùn. Ní bí ọdún 1990 sí 2000, igún ilẹ̀ Índíà bẹ̀rẹ̀ sí kú, nítorí pé wọ́n ń jẹ òkú màlúù tí a ti fún ní oògùn ìrora kan tí ń jẹ́ diclofenac. Nínú irú igún mẹ́ta tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, ó ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí ó parẹ́. Kí ni ó tẹ̀lé e? Òkú ẹran ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ń jẹ ẹ́, wọ́n ń pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi sì ń bá wọn rìn. Ní ọdún 2006 ni ìjọba fi òfin de oògùn náà fún ẹran, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti bọ́. Omi inú ikùn igún le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń pa kòkòrò àrùn tí ó lè pa ènìyàn. Agbálẹ̀ tí kì í gba owó oṣù ni Ọlọ́run fún wa. A sì ta orí rẹ̀ lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, a bẹ̀ yín ní ohun mẹ́rin. Ẹ má ra orí tàbí ìyẹ́ igún, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó sọ pé òun ni oògùn àwúre. Bí kò bá sí olùrà, kò ní sí olùpa. Ẹ má fi májèlé sínú ẹran kí ẹ sì jù ú síta, nítorí kì í ṣe ajá tàbí eku nìkan ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ má ra odídẹ inú àgò fún ọmọ yín ṣeré. Láti ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní ọdún 2016 ni a ti fi òfin dí òwò odídẹ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí èkejì, nítorí pé òun náà ti ń tán lọ. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín ní orúkọ ẹyẹ ní èdè wa: agbe, àlùkò, ẹ̀lúùlú, àkókó, àti àwọn yòókù. Ohun tí ọmọ kò mọ orúkọ rẹ̀, kò lè mọ̀ nígbà tí ó bá sọnù.

A kọ lẹ́tà sí ìyá arúgbó ní ìlú Òyìnbó. A sọ fún un pé a ti lọ, àti pé a kò tí ì rí ẹyẹ náà, ìbátan rẹ̀ ni a rí. Pé àbúrò bàbá wa ti dẹ́kun rírà igún, àti pé ojú ewé igún nínú ìwé wa ṣì funfun. Ìdáhùn rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Gbólóhùn kan péré ni ó wà nínú rẹ̀: "Ẹ tún padà lọ."

Ní Sátidé tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a óò tún lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ nínú àwọn òǹkàwé wa, kí ó pàdé wa ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Kí ó mú omi dání. Awò wà.